Àmì Orí Ọ̀rọ̀ Kan Tó Gbé Èmi àti Àyọ̀ká Dé Ilé Akọ̀wé Ọ̀la

Ẹ̀yin tí ẹ ń bó ẹ̀gúsí, ẹ máa bó o lọ, etí yín nìkan ni mo fẹ́ yá. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí nǹkan ṣe, ẹ sún mọ́ mi, nítorí ohùn mi kò ròkè bíi ti àtijọ́ mọ́. Èmi Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́níran, èmi tí ẹfọ̀n mẹ́sàn-án ti ṣubú níwájú ìbọn mi, èmi tí mo bá iwin jẹun nínú àwo kan náà tí mo sì mú ẹran tó tóbi jù níbẹ̀, èmi ni mo fẹ́ sọ ohun tójú mi rí nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, odò Amọ́ra tí gbogbo ìlú wa Agbédúró ń mu gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Kì í ṣe ọ̀gbẹlẹ̀ ló fà á. Ẹ̀dá kan tó ń jẹ́ Amumigbẹ ló ti inú igbó jáde, ó jókòó lé ojú ìsun odò náà lẹ́yìn ìlú, ó sì ń mu omi bó ṣe ń sun. Ikùn rẹ̀ tóbi ju àgbàlá ọba lọ, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ju ti ewúrẹ́ lọ. Mo yìnbọn lù ú lẹ́ẹ̀mẹfà. Ọta wọ ikùn rẹ̀, mo gbọ́ bó ṣe já sínú omi tó wà níbẹ̀, ẹ̀dá náà sì gùnfẹ̀, ó bi mí bóyá mo ṣì ní òmíràn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìrì ara ewé sínú ẹnu ọmọ wọn láàárọ̀. Ọmọ jòjòló méjì ti kú. Ìgbà náà ni ọba wa, Kábíyèsí Adékúnbi, ní kí wọ́n gbé àpótí tí baba ńlá òun fi sílẹ̀ jáde, nítorí wọ́n ní àsọtẹ́lẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ ìpọ́njú. Ìyàwó mi Àyọ̀ká ni wọ́n pè láti kà á. Ilé àlùfáà ló ti dàgbà, kò sì sí ẹni tó mọ̀wé tó o ní Agbédúró. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ lẹ́tà kankan, mi ò sì jẹ́ kó dùn mí rí títí di ọjọ́ náà.

Àyọ̀ká wo ìwé náà títí, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó ní, "Kábíyèsí, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní ọjọ́ tí omi bá gbẹ ní Agbédúró, nǹkan kan ni yóò gbà yín. Ẹni tó kọ ọ́ wá kọ o, ó kọ k, ó tún kọ o. Kò fi àmì sórí rẹ̀, kò sì fi sísàlẹ̀."

Ọba ní, "Kí wá ni nǹkan náà?"

Àyọ̀ká ní, "Ó lè jẹ́ oko tí à ń dá. Ó lè jẹ́ òkò tí à ń sọ. Ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń ro ilẹ̀, tàbí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun, tàbí ọkọ̀ ojú omi. Ó sì lè jẹ́ ọkọ obìnrin."

Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ìlú ti pín sí mẹ́fà. Àwọn ọmọdé ń sọ òkò lu ohun gbogbo tó ń mí. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní ìlú tí kò ní omi tí a lè fi bọ́jú. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta ló jà nítorí oko àti ọkọ́, bẹ́ẹ̀ oko náà ni wọ́n jọ ń lọ, ọkọ́ kan náà ni wọ́n sì gbé dání. Àwọn ọkọ ilé ni wọ́n burú jù. Ọkùnrin tí kò gbé ìgbálẹ̀ rí yóò jókòó, yóò na ẹsẹ̀ síwájú, yóò ní kí wọ́n fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí òun lára, àbí wọn ò gbọ́ ohun tí ìwé sọ ni. Èmi fúnra mi sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àyọ̀ká wò mí, mo sì dìde, mo lọ nu ọ̀kọ̀ mi, nítorí ọ̀kọ̀ ni èmi gbà gbọ́ ní tòótọ́.

Nísàlẹ̀ ìwé náà ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà: Akọ̀wé Ọ̀la, lórí Òkè Ìrònú. Kábíyèsí ní kí n lọ bi í léèrè ohun tó ní lọ́kàn. Bí mo ṣe ń di ẹrù, Àyọ̀ká ti di tirẹ̀.

Mo ní, "Níbo lò ń lọ?"

Ó ní, "Bàbá Wúràọlá, tí ọkùnrin náà bá kọ èsì fún yín, ta ni yóò kà á?"

A sì jọ jáde.

Igbó Afojúdi ni a kọ́kọ́ wọ̀. Iwin kan tó ní ẹnu méjì ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀. Bó ṣe rí wa, ẹnu ọ̀tún ní, "A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ óò kọjá." Ẹnu òsì ní, "A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ kò ní í kọjá." Tí a bá gbé ẹsẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ á gbá wa padà. Tí a bá dúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á tì wá síwájú. Mo bá a jìjàkadì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Mo gbé e ṣánlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún, ẹ jẹ́ kí n pè é ní ogún, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá dìde ni àwọn ẹnu náà tún máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àyọ̀ká dá iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sun iṣu. Nígbà tó jinná, ó bù ú, ó rìn lọ síbi tí a ti ń jà, ó sì ki èyí tó gbóná jù sí ẹnu òsì. Ẹnu òsì ń jẹ, kò lè sọ̀rọ̀. Ẹnu ọ̀tún ní, "A ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ óò kọjá." A sì kọjá.

Ìlú tí a kàn lẹ́yìn ìyẹn ń jẹ́ Adúródọjọ́. Gbogbo ará ìlú náà ló ní àsọtẹ́lẹ̀ tirẹ̀ tí wọ́n kọ sínú ìwé tó sì so mọ́ ọrùn, kò sì sí ẹni tó ń ṣe nǹkan mìíràn ju pé kó dúró dè é. Mo rí ọkùnrin kan tí wọ́n sọ fún pé yóò lówó ní ọjọ́ tó bá sín lẹ́ẹ̀meje. Ata gígún ló ń fi símú látàárọ̀, ojú rẹ̀ ti wú. Mo rí obìnrin kan tí wọ́n sọ fún pé ọkọ rẹ̀ yóò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ti dí gbogbo fèrèsé ilé rẹ̀ pa kí ó má baà sí àṣìṣe. Koríko ti hù dé orí òrùlé wọn.

Bí wọ́n ṣe rí ìbọn léjìká mi, wọ́n hó yèè, wọ́n gbé mi sókè. Wọ́n fọ ẹsẹ̀ mi, wọ́n fi adé dé mi lórí, wọ́n gbé mi jókòó sórí ìtẹ́. Inú mi dùn. Mo wí fún ara mi pé ojú àwọn ènìyàn wọ̀nyí là ju ti ará ilé mi lọ. Ìgbà tí mo ń jẹ adìyẹ kẹta ni mo rí i pé àwọn ọkùnrin mẹ́rin ń gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ààfin.

Mo bi olórí ìjòyè wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Jagunlabí, pé, "Kànga ni ẹ̀ ń gbẹ́ ni?"

Ó ní, "Rárá o, Kábíyèsí. Ibojì yín ni."

Adìyẹ náà há mi lọ́fun. Jagunlabí ṣí ìwé ńlá ìlú fún wa, ó sì fi ìka tẹ̀lé e: ọdẹ kan yóò ti ìwọ̀ oòrùn wá, yóò jọba lórí wọn, yóò sì kú ní ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn náà ni nǹkan yóò wá dára fún wọn. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé wọ́n ti yan pósí tó dára, pé ọlá ńlá ni.

Àyọ̀ká tẹ̀ síwájú, ó kúnlẹ̀ kí ìjòyè náà dáadáa. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fojú kan ìwé náà." Ó wò ó. Ọwọ́ kan náà tó kọ tiwa ni, kò sí àmì kankan. Ó ní, "Bàbá, ta ló sọ fún yín pé ọjọ́ kẹta ni?"

Jagunlabí ní, "Ohun tí baba wa kà nìyẹn."

Àyọ̀ká ní, "Ó lè jẹ́ òjò kẹta. Tí ẹ bá pa á kí òjò kẹta tó rọ̀, ẹ ti ba àsọtẹ́lẹ̀ jẹ́, nǹkan ò sì ní í dára fún yín mọ́ láéláé."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, òjò kan ò tíì rọ̀. Ìjòyè kejì ní òjò ni òun náà ti ń fura sí láti kékeré. Ìkẹta ní ọjọ́ ni. Ìkẹrin ní bóyá ojo ni, pé ọdẹ méjì tó jẹ́ ojo yóò kọ́kọ́ wá kí ìkẹta tó dé, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà nítorí ìyẹn. Àríyànjiyàn náà le débi pé àwọn tó ń gbẹ́ ibojì náà ju ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n wá dá sí i. Mo rọra yọ adé, mo gbé e sórí ìtẹ́, mo mú itan adìyẹ tó kù, a sì gba ẹ̀yìn ààfin jáde. Tí mo bá parọ́, kí ìbọn mi má dún mọ́: nígbà tí a gun òkè tó wà níwájú, a ṣì ń gbọ́ ohùn wọn.

Òkè Ìrònú ni òkè náà. Akọ̀wé Ọ̀la ń gbé lórí rẹ̀ nínú ilé kan tí ìwé kún débi pé ìta ló ń sùn. Arúgbó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìka rẹ̀ dúdú fún tàdáwà, ó sì ń fo tí ewé bá mì. Bó ṣe rí ìbọn mi, ó sá sábẹ́ tábìlì.

Ó ní láti ibẹ̀ pé, "Ìlú wo ni? Kí ni mo tún kọ?"

Àyọ̀ká na ìwé wa sí i lábẹ́ tábìlì náà. Ó kà á. Mo ní, "Bàbá, ọmọ méjì ti kú. Ẹ sọ fún wa: ọkọ́ ni, tàbí ọ̀kọ̀, tàbí kí ni?"

Arúgbó náà jáde díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀."

Mo ní, "Ẹ ò rántí?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń kọ ọ́. Baba ńlá ọba yín wá, ó ní òun fẹ́ àsọtẹ́lẹ̀, ó ní òun ò ní í kúrò níbí láìgbà á. Mo ronú pé, ọ̀rọ̀ wo ló gba nǹkan mẹ́fà mọ́ra? Ohun yòówù kó gbà yín, wọn á ní mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Mo gbé ìbọn sókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, inú bí mi ju ti ọjọ́ tí ẹkùn pa ajá mi lọ. Àyọ̀ká fi ọwọ́ kan ẹnu ìbọn náà, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Omi ti wà lójú arúgbó náà. Ó ní, "Ẹ̀yin rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń fi gbogbo àmì sí i. Mo kọ ọ́ fún ọba kan pé ọmọ rẹ̀ yóò ṣubú láti orí ẹṣin ní ọjọ́ ọjà. Ó pa gbogbo ẹṣin ìlú, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, ó sì rán ènìyàn wá nà mí pé òpùrọ́ ni mí. Mo kọ ọ́ fún ìlú kejì pé ọmọ tó ń jẹ́ Fákúnlé ni yóò ṣẹ́gun fún wọn. Láàárín ọdún kan, ọmọ ọgọ́rùn-ún mẹ́rin ló ń jẹ́ Fákúnlé; tí ìyá kan bá pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun, gbogbo àdúgbò á dìde. Tí mo bá sọ ọ́ kedere, wọ́n á sá fún un. Tí mo bá sọ ọ́ ní bòńkẹ́lẹ́, wọ́n á gbé ìbọn wá. Ni mo bá kó àmì kúrò, kí n lè máa rí oorun sùn."

Àyọ̀ká ní, "Bàbá, ẹ fi àmì sí i nísinsìnyí."

Ó mi orí. "Ọwọ́ mi kò lè ṣe é. Ẹni tó bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ ni yóò mú un ṣẹ fúnra rẹ̀. Èmi kò lágbára mọ́." Ó na kálàmù rẹ̀ sí wa.

Mo ní, "Àyọ̀ká, ọ̀kọ̀ ni. Kọ ọ̀kọ̀." Mo ti ń rí ara mi níwájú gbogbo ìlú, tí mo gbé ọ̀kọ̀ sókè.

Ó gba kálàmù. Ó fi àmì sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn, ó sì fi àmì ohùn òkè kan sórí èyí tó kẹ́yìn. Arúgbó náà kà á sókè: "Ọkọ́ ni yóò gbà yín."

Inú mi bàjẹ́. Mo bi Àyọ̀ká pé kí ló dé.

Ó ní, "Ọ̀kọ̀ kan ṣoṣo ló wà ní Agbédúró, tiyín ni. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ó parí. Ọkọ́ wà ní gbogbo ilé."

Mo kùn fún ọjọ́ kan gbáko nígbà tí à ń padà bọ̀. Ní ọjọ́ kejì mo rí i pé òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n mi ò tíì wí fún un. Arúgbó náà ti fún un ní kálàmù náà àti abala ìwé kan tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, a sì gba ọ̀nà mìíràn kí ará Adúródọjọ́ má baà rí mi.

Nígbà tí a dé ilé, Àyọ̀ká ka ọ̀rọ̀ náà fún Kábíyèsí àti gbogbo ìlú. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àríyìíbí, ẹni tó mọ ilẹ̀ wa ju ẹnikẹ́ni lọ, dìde, ó ní abẹ́ òkè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìsun odò wa ni omi náà ti ń wá, pé ẹ̀yìn òkè rẹlẹ̀ ju ibi tí Amumigbẹ jókòó sí lọ. Ó ní tí gbogbo ilé bá mú ọkọ́ wá, a lè gbẹ́ ilẹ̀ títí a ó fi kan omi kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀dá náà. Ọjọ́ méje ni yóò gbà wá.

Kábíyèsí ní, "Tó bá gbọ́ ìró ọkọ́ ńkọ́? Tó bá dìde wá ńkọ́?"

Gbogbo wọn wo ojú mi. Mo wo ojú Àyọ̀ká. Ó mú abala ìwé náà jáde, ó jókòó, ó kọ nǹkan sí i, ó sì sọ ohun tó kọ sí mi létí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Mo gbé ìwé náà tọ Amumigbẹ lọ lémi nìkan. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Mo ti ọ̀dọ̀ Akọ̀wé Ọ̀la bọ̀. Ìwé kan rèé fún yín, ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú yín ló wà níbẹ̀."

Ó ní, "Kà á fún mi."

Mo ní, "Mi ò mọ̀wé." Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi.

Ó rẹ́rìn-ín mi, ó ní ọdẹ òpè ni mí. Ó gba ìwé náà, ó nà án síwájú ojú rẹ̀ kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á bí ọ̀mọ̀wé: "Bí o bá jókòó láìdìde títí di ọjọ́ keje, ìwọ ni yóò di ọba odò." Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ara rẹ̀ gbọ̀n fún ayọ̀, ó sì fi ìdí mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ní ọjọ́ kìíní, igba ọkọ́ ló ń dún lẹ́yìn òkè. Amumigbẹ ní, "Ọdẹ, ariwo kí ni yẹn?"

Mo ní, "Àwọn ará ìlú ń múra de ọjọ́ keje ni."

Ó ní kí wọ́n ṣe dáadáa. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́fà, mò ń yìn ín, mò ń bi í léèrè irú adé tó fẹ́, ó sì ń ṣàlàyé. Lẹ́yìn òkè, ọkùnrin, obìnrin, àti Kábíyèsí fúnra rẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀, ọwọ́ wọn bó. Ọkọ́ tó kán, wọ́n á mú òmíràn láti ilé tó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ karùn-ún omi bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù lábẹ́ Amumigbẹ. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, oòrùn pa á, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ṣùgbọ́n kò dìde. Ọba odò ló ń retí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, mo gbọ́ igbe láti ẹ̀yìn òkè, mo gbọ́ ìró omi tó ń ya. Amumigbẹ dìde. Ojú ìsun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti gbẹ táútáú, ikùn rẹ̀ sì ti wọlé débi pé gbogbo ara rẹ̀ kò ju ewúrẹ́ tó ni orí náà lọ. Ó gun òkè náà, ó rí omi tó ń dán nísàlẹ̀, ó rí igba ènìyàn pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Ó na ìwé náà síwájú. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

Ó ní, "Ẹ kọ ọ́ fún mi pé ọba odò ni màá jẹ́."

Àyọ̀ká gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìtẹríba. Ó mú kálàmù, ó fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ kan sórí lẹ́tà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn, èyí tí kò fi àmì kankan sí tẹ́lẹ̀, ó dá ìwé náà padà. Amumigbẹ kà á: ọba òdo. Ó ka ìka ọwọ́ rẹ̀, ó wo omi, ó tún ka ìka rẹ̀. Nígbà tó yé e tán, ó yí padà, ó wọ igbó lọ, kò sì sí ẹni tó tún fojú kàn án ní Agbédúró títí di òní.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ó yẹ kí ẹ ti wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé bẹ́ sínú omi pẹ̀lú aṣọ. Àwọn ìyá mu, wọ́n fún ọmọ wọn mu, wọ́n tún mu. Àríyìíbí arúgbó dùbúlẹ̀ gbalaja sínú rẹ̀, ó kọ̀ kò dìde. Wọ́n gbé Àyọ̀ká sórí èjìká yí ìlú ká, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá gbé èmi náà. Mo kùn díẹ̀ pé ẹ̀yìn ni wọ́n fi mí sí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọ́ mi nínú orin. Ìgbà tí wọ́n sọ̀ wá kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ni mo tó wí fún un.

Mo ní, "Àyọ̀ká, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ọ̀kọ̀."

Ó wò mí bí ẹni pé ó ti ń dúró de ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá Wúràọlá, kí ni kí n sè fún yín?"

Mo ní ohunkóhun, kó ṣáà jẹ́ èyí tí omi rẹ̀ pọ̀.

Bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi, kí omi má ṣe wọ́n nínú ìkòkò yín, kí ọ̀rọ̀ ọ̀la yín sì jẹ́ èyí tí ẹ lè kà.